Má Pààrọ̀ Ọpọlọ Ẹ̀rọ Náà, Ràfíù

Manigri, ní òwúrọ̀, lábẹ́ àtíbàbà ẹ̀yìnkùlé

Ràfíù, Àjàní ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun. Mo gbọ́ pé wọ́n ti fún ọ ní tábìlì tìrẹ ní bùró yẹn ní Bassila, àti pé kò sí ẹ̀rọ tó dákú níbẹ̀ tí wọn kì í pe orúkọ rẹ. Ọlọ́run á jẹ́ kó bá ọ lára mu. Ìyá rẹ ní kí n kọ ìyẹn ná kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bà ọ́ nínú jẹ́. Mo ti kọ ọ́.

Wàá rí i pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tóbi tó hóró ẹ̀pà, ìwé náà sì pọ̀ bí ẹni pé ìtàn ìlú ni mo ń kọ. Bí mo ṣe ń kọ̀wé nìyí báyìí: kálámù dúdú tó nípọn, oòrùn òwúrọ̀ lẹ́yìn mi, mo tẹ orí ba ìwé bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléèwé. Èmi tí mo kọ́ ìdajì àgbàlagbà Manigri ní ìwé Nàgó. Mo lè pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n èmi àti ìwọ kò mọ ọ̀rọ̀ sọ níbẹ̀. Bí mo bá sọ ohun tó wúwo, wàá dápàárá, èmi náà á dá tèmi, a ó sì pa fóònù láìsọ nǹkan kan.

O bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Bàbá, ṣé kí n pààrọ̀ ọpọlọ ọ̀dínátọ̀ wa yìí, kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣeré, àbí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?" O ti rí ẹnì kan ní Parakou tó ní irú ọpọlọ náà, o sì ti gbàyè níbi iṣẹ́ láti lọ mú un. Èsì mi nìyí: má pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò ṣàìsàn. Ojú mi ló ń ṣàìsàn. Àyè tí o gbà yẹn, lò ó, lọ sí Parakou, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ojú ni kí o gbà lọ, kí wọ́n yẹ ojú tìrẹ náà wò. Ohun tí mo ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ kò ju ìyẹn lọ. Gbogbo ìyókù tí mo fẹ́ kọ, àlàyé ni.

Nígbà tí o gbé ẹ̀rọ yẹn dé láti Cotonou, ó ti dàgbà kó tó di tìrẹ. Àpótí dúdú ńlá, iná pupa ń tàn nínú rẹ̀. Ìyá rẹ ní kí nǹkan yẹn má wọ yàrá òun. Èmi náà sọ̀rọ̀ burúkú sí i, mo ní ọkùnrin tó tó gbéyàwó ń fi ìka gbá bọ́ọ̀lù. Àfi ìgbà tí orúnkún dá mi dúró sílé, tí mi ò lè lọ sóko, tí o fi mànẹ́tì tí wọ́n fi ń darí eré náà lé mi lọ́wọ́, o ní kí n kàn fi àtàǹpàkò ti bọ́tìnì yìí. Láti ìgbà náà, èmi tí mo ń bú ọ ni mo wá ń béèrè bóyá iná ti dé. Mi ò ní purọ́, Àjàní. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì ní eré kan tí mo fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀.

Kí ọdún yìí tó dé ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Mo ní àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ ń já lù mí lójijì. Bí mo bá gba bọ́ọ̀lù, tí ọ̀nà mọ́ gbangba níwájú mi, ẹnì kan á kàn yọ láti ẹ̀gbẹ́, á gbà á lẹ́sẹ̀ mi. "Níbo lẹni yìí ti jáde?" Ọ̀rọ̀ mi nìyẹn nígbà gbogbo. Ìwọ náà ní ẹ̀rọ ló ń lọ́ra, pé kì í tètè ya àwòrán wọn, nítorí ọpọlọ rẹ̀ ti gbó. O tú u palẹ̀. O fẹ́ eruku ọyẹ́ kúrò nínú rẹ̀. O nu ìpara orí ọpọlọ rẹ̀ kúrò, èyí tí kì í jẹ́ kí ooru pa á, o sì fi tuntun sí i. Kò yí padà. O tún sọ fún mi pé o wo bí ọpọlọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí eré ń lọ, pé kò tilẹ̀ làágùn, pé ó yà ọ́ lẹ́nu. Ibẹ̀ ló yẹ kí o ti dúró. Ṣùgbọ́n o fẹ́ràn mi, ẹni tó bá sì fẹ́ràn èèyàn a máa wá nǹkan tí yóò rà fún un.

Wàyí o, gbọ́ bí mo ṣe mọ̀. Mò ń ti oko bọ̀, mo ru iṣu, mo fẹ́ sọdá títì gúdúrọ́ọ̀nù sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ níbi tó ti ń tajà. Mo wò ó, títì ṣófo. Mo gbé ẹsẹ̀. Alùpùpù kan kọjá níwájú mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ, iṣu fọ́n ká sílẹ̀. Ọmọkùnrin tó gùn ún dúró. Ó ní, "Bàbá, ẹ kọjú sí mi, ojú yín wà lára mi, ẹ tún wá bọ́ sójú ọ̀nà!" Mo bú u. Mo bá a jà débi pé ó bá mi ṣa iṣu, ó tún tọrọ àforíjì. Ìyá rẹ ń wò wá láti ìdí ọjà rẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó wé gèlè, ó ní, "Bàbá Ràfíù, ẹ dìde, a ń lọ."

A dé Bassila, a kọjá níwájú bùró rẹ gan-an. Ó ní ká má pè ọ́, pé iṣẹ́ rẹ ṣì tútù. Ilé ìwòsàn Bassila ní ká máa lọ sí Parakou. Ọjọ́ tí o pè mí tí mo ní mo wà lóko, orí àga ilé ìwòsàn ni mo jókòó sí.

Dókítà náà, ọ̀dọ́bìnrin ni. Ó ní kí n fi ọwọ́ bo ojú kan, kí n máa wo imú òun, òun á máa mú ìka bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, tí mo bá ti rí i, kí n sọ.

"Bàbá, ṣé ẹ ti rí i?"

"Ẹ ò tíì gbé e sókè."

Ó ní, "Ní báyìí ńkọ́?"

"Mo ní ẹ ò tíì gbé nǹkan kan sókè."

Mo gbọ́ tí ìyá rẹ fa ikun imú. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, gbogbo ìka yẹn ló ń rí. Ìgbà tí èmi fi máa rí ìka náà, ó ti dé iwájú imú mi. Ìyá rẹ ti sunkún tán kí èmi tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí.

Dókítà pe orúkọ àrùn náà ní Faransé. Mi ò lè kọ ọ́, n kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n kọ. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti ń jẹ wọlé, díẹ̀díẹ̀, láìdunni, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ní in kì í mọ̀. Ó ní èyí tó ti lọ kò ní í padà. Oògùn tó fún mi, kí n máa kán an sójú ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, èyí tó kù ló ń ṣọ́. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè pé, "Bàbá yín ńkọ́? Ṣé wọ́n ríran dáadáa?"

Mo ní, "Wọ́n ríran títí wọ́n fi jókòó."

Ó ní, "Jókòó báwo?"

Mo ṣàlàyé fún un. O mọ̀ ọ́n, ní agbolé wa, bí ọkùnrin bá ti ń hewú, á fa ọkọ́ lé àkọ́bí rẹ̀ lọ́wọ́, á sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Ọmọdé á máa fà á ní ọ̀pá lọ sí mọ́sálásí, àwọn tó ń kọjá á máa dárúkọ ara wọn kí wọ́n tó kí i. Bàbá mi jókòó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó. Bàbá tó bí wọn jókòó. Oyè la kà á sí. Àgbà agbolé tó kọjú sí tiwa, ẹgbẹ́ bàbá mi, ṣì ń kọ ebè nígbà náà, a sì máa ń fi wọ́n ṣẹ̀sín pé àwọn ọmọ wọn ò mọyì àgbà. Mo ń sọ ọ́ fún dókítà yẹn pẹ̀lú ìgbéraga. Mo tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, wọn ò jókòó o. Wọ́n fọ́jú ni."

Inú bí mi sí i. Ọmọ tí mo lè bí, ó ń sọ̀rọ̀ sí àwọn bàbá mi. Mo dìde kí n jáde, mo sì fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn, nítorí mi ò rí i. Mo padà jókòó. Ìgbà yẹn ló wá sọ pé àrùn yìí ń tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀, pé kí n kó àwọn ọmọ mi wá, pé bí wọ́n bá tètè rí i lára èèyàn, wọ́n lè dá a dúró. Ọmọ wo ni mo tún ní lẹ́yìn rẹ, Ràfíù? Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ̀wé.

Jẹ́ kí n gbà ọ́ nímọ̀ràn bí bàbá ṣe ń ṣe, kí n tò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkíní. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Kí o tó pààrọ̀ nǹkan, mọ ibi tí àrùn wà. Nígbà tí mo ṣì gbóná lára, àwọn igi kajú tí bàbá mi gbìn ń tanná, wọn ò so. Ẹnì kan wá bá wa sọ̀rọ̀ nípa bíbẹ́ orí igi àgbà kí a fi ẹ̀ka tuntun lẹ̀ mọ́ kùkùté rẹ̀. Ọ̀nà tó dára ni, ó ti ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn láǹfààní. Mi ò béèrè nǹkan kan. Mo bẹ́ gbogbo wọn lórí. Ẹ̀ka tuntun yọ, ó lẹ́wà, ó tanná bí ti àtijọ́, kò so. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń sin oyin ló wá bá mi lóko, ó dúró, ó tẹ́tí, ó ní, "Sùlé, ṣé o gbọ́ ohùn oyin kankan níbí?" Oògùn tí aládùúgbò ń fọ́n sí òwú rẹ̀ ti pa wọ́n tán. Igi kò ní ẹ̀bi kankan, mo sì ti bẹ́ ẹ lórí.

Èkejì, nípa ẹ̀rọ náà gan-an, kí o má baà sọ pé mi ò dáhùn ìbéèrè rẹ. Ìwọ lo kọ́ mi. O ní pátákó tí wọ́n kan ọpọlọ mọ́ nínú rẹ̀ kò lè gba ju ìran tirẹ̀ lọ, pé èyí tó lágbára jù tó lè gbà, òun náà ti darúgbó, ara ẹ̀rọ ẹlòmíràn ni wọ́n ti yọ ọ́. O ní ó máa jẹ iná sí i, ooru rẹ̀ á pọ̀ sí i, àpótí tó ń fún un níná lè má gbé e. Bó bá jẹ́ pé ọpọlọ ló ń dá a lẹ́kun lóòótọ́, tí pátákó náà sì ṣì le koko, ǹ bá ní kí o pààrọ̀ rẹ̀, kí ó fi tún pẹ́ díẹ̀. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ lo fẹ́ fi í ṣe, ǹ bá ní kí o fi arúgbó yẹn sílẹ̀, kí o wá ọ̀tun. Ṣùgbọ́n eré bọ́ọ̀lù kan náà la ń gbá, ẹ̀rọ yẹn sì gbé e láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọpọlọ tí o lè kàn mọ́ ọn tí yóò fi agbábọ́ọ̀lù ẹ̀gbẹ́ hàn mí. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ̀kẹta: kọ́ èdè Anii. Ó kéré tán, kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíni. O ò lè máa jẹun ní Bassila kí o máa fi Faransé kí àgbà wọn. Mo mọ̀ pé kò bá ọ̀rọ̀ ojú tan. Mo kàn rántí rẹ̀ ni, bí mi ò bá sì kọ ọ́ báyìí, mi ò mọ̀ bóyá màá tún kọ̀wé.

Èyí tó kàn, ìyá rẹ ò fẹ́ kí n kọ ọ́. Ó jókòó tì mí báyìí, ó ń já ewé, ó sì ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́. Mo mọ̀ pé ó ń wò mí nítorí pé ó ti dákẹ́. Ọ̀rọ̀ Mẹ́múnà ni, ọmọ ìlú Pénéssoulou tí o fẹ́ fẹ́. Mo ní kí o sọ fún un. Kí òun náà sọ fún bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ ní, "Ẹ fẹ́ kí wọ́n gba ọmọ wọn padà ni?" Mo ní bí wọ́n bá máa gbà á, kí wọ́n gbà á báyìí. Ó ní, "Èmi ńkọ́, ta ló sọ fún èmi kí n tó fẹ́ yín?" Mo ní kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó ní, "Bí mo bá mọ̀, ẹ rò pé mi ò ní wá?" Ó padà sídìí ewé rẹ̀.

Síbẹ̀, sọ fún un. Bí wọ́n bá ń wádìí ìdílé wa kí wọ́n tó fúnni lọ́mọ, wọ́n á gbọ́ pé àwọn àgbà wa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á sì yìn wá. A ò gbọdọ̀ fi ìyìn yẹn fẹ́ ọmọ olọ́mọ. Ẹni tó bá fi àrùn pamọ́ ò ní rí ẹni bá a wò ó. Bí ọmọ náà bá ṣì dúró tì ọ́ lẹ́yìn tó gbọ́, o ti rí ìyàwó. Bí kò bá dúró, á dùn ọ́, mi ò ní sọ pé kò ní dùn ọ́.

Mi ò mọ iye ìmọ̀ràn tí mo ti kà dé mọ́. Má bẹ̀rù pé mò ń ṣe akọni. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ń jí ní ìdájí, mo ń wo òrùlé, mo ń yẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò bóyá ó dín sí ti àná. Àwọn ọmọ agbolé ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ ẹnu ọ̀nà fún mi láìjẹ́ pé mo sọ fún wọn. Wọ́n gbọ́ pé n kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ sóko mọ́, wọ́n sì rò pé ọlá mi ló dé. Mi ò tíì lè bá wọn wí.

Wàyí o, ohun tí mo ti ń yí po láti òwúrọ̀. Ọjọ́ Àìkú tí o wá gbẹ̀yìn, tí a gbá bọ́ọ̀lù, mi ò wo eré náà, nítorí mi ò rí i dáadáa. Ìwọ ni mo ń wò. Gbogbo ìgbà tí o bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sí apá òsì, o ń kọ́kọ́ yí gbogbo orí rẹ sí òsì, bí adìẹ tó ń wo àṣá. O ò ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù mi kan gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ láti apá òsì yẹn, o fo sókè, o ní, "Bàbá, ẹ wò ó! Ẹ̀rọ yìí ń rẹ́ àwa méjèèjì jẹ." O rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín. Mo ní ebi ń pa mí, mo jáde.

Má dúró de Parakou. Lónìí, tí o bá ka ìwé yìí tán, wá ẹnì kan ní Bassila níbẹ̀ tí o fọkàn tán. Jókòó, fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún, máa wo imú ẹni náà, má gbé ojú kúrò. Kí ó mú ìka bọ̀ láti apá òsì rẹ, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Jẹ́ kó ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Má bá a tan ara rẹ jẹ. Ohunkóhun tí ìka yẹn bá sọ, kí o ṣì lọ bá dókítà, nítorí ìka ò mọ gbogbo rẹ̀.

Bí o bá tètè rí i, pè mí kíá, èmi àti ìyá rẹ á gbọ́ ọ pọ̀.

Bí o ò bá rí i, má pè mí, Àjàní. Máa bọ̀ nílé.

Bàbá rẹ,
Sùlé